Mọ́tò Oníná: Ibo Ni Yóò Máa Sùn?

 

Ìbéèrè kan wà tí ẹ̀ ń bi wá lemọ́lemọ́: "Ṣé kí n ra mọ́tò tó ń lo iná? Wọ́n ní kì í jẹ epo. Wọ́n ní ìjọba ń fún èèyàn lówó láti rà á." Ìdí nìyí tí a fi ní ká kọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, kí gbogbo ilé lè jọ kà á kí owó tó jáde lápò.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Interporto Padova, tàbí nínú àwọn ilé ẹrù tó wà ní SITO ní Orbassano lẹ́bàá Torino, mọ̀ pé kò rọrùn láti rí bọ́ọ̀sì ní aago mẹ́rin ìdájí. Mọ́tò ló ń gbé wa dé ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń san owó ilé, ìwé iṣẹ́ náà la sì ń kó lọ tún permesso di soggiorno ṣe. Bí mọ́tò bá wá di ẹrù sí wa lọ́rùn, gbogbo ilé ni yóò gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò oníná, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ní alẹ́, ibo ni yóò máa sùn? Bí ó bá ní ibi tó lè sùn sí tí iná ilé yín lè dé ibẹ̀, ó lè dín ìnáwó yín kù gan-an. Bí ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò máa sùn, ẹ rọra o.

KẸ́Ẹ̀GÌ ÀTI ẸNU Ẹ̀RỌ OMI

Ọ̀rọ̀ kWh àti kW máa ń da èèyàn lójú rú. Ẹ jẹ́ ká fi omi ṣàlàyé. Bátìrì mọ́tò dà bíi kẹ́ẹ̀gì. Bí kẹ́ẹ̀gì náà ṣe tóbi tó ni wọ́n ń fi kWh kà. Bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi kW kà. Ẹ̀rọ tó ń tú 2 kW jáde fún wákàtí 8 yóò da 16 kWh sínú kẹ́ẹ̀gì. Mọ́tò kékeré sábà máa ń lo nǹkan bíi 15 kWh láti rin kìlómítà 100 láàárín ìlú. Ìyẹn ni pé bí ó bá fi gbogbo òru mu iná díẹ̀díẹ̀, yóò rin kìlómítà 100 ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wo Fiat 500 oníná, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilé iṣẹ́ Mirafiori ní Torino ní 2020. Oríṣi méjì ni bátìrì tí wọ́n ń fi sí i: kékeré tó tó 24 kWh, tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó ń rin nǹkan bíi kìlómítà 190, àti ńlá tó jẹ́ 42 kWh, tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó ń rin nǹkan bíi 320. Ohun tí ìwé sọ kọ́ ni ọ̀nà máa ń sọ o. A ó débẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ má rò pé gbogbo ará Ítálì ti sá lọ rà á. Nínú mọ́tò tuntun 100 tí wọ́n tà ní Ítálì ní 2024, bíi 4 péré ló jẹ́ oníná pátápátá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n dá iṣẹ́ 500 oníná náà dúró fúngbà díẹ̀ ní Mirafiori nítorí pé àwọn tó ń rà á kò pọ̀ tó. Torí náà, bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ̀yin nìkan kọ́.

ẸLÒ LẸ Ó MÁA NÁ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti mọ́tò tó ń rin kìlómítà 12,000 lọ́dún. Àpẹẹrẹ ni iye tí a fi ṣe é. Ẹ wo bolletta tiyín, kí ẹ fi iye tó wà níbẹ̀ rọ́pò tiwa.

– Mọ́tò elépo tó ń jẹ lítà 6 ní kìlómítà 100, tí lítà kan jẹ́ yúrò 1.70: yúrò 10.20 fún kìlómítà 100, yúrò 1,224 lọ́dún.
– Mọ́tò oníná tó ń ṣáàjì nílé, tí kWh kan jẹ́ yúrò 0.28: yúrò 4.20 fún kìlómítà 100, yúrò 504 lọ́dún.
– Mọ́tò oníná tó ń ṣáàjì ní ẹ̀gbẹ́ títì, níbi ẹ̀rọ tí kò yára, tí kWh kan jẹ́ yúrò 0.65: yúrò 9.75 fún kìlómítà 100, yúrò 1,170 lọ́dún.
– Mọ́tò oníná tó ń ṣáàjì níbi ẹ̀rọ tó yára, tí kWh kan jẹ́ yúrò 0.85: yúrò 12.75 fún kìlómítà 100, yúrò 1,530 lọ́dún.

Ṣé ẹ rí i? Mọ́tò kan náà ni. Ẹni tó ń ṣáàjì nílé fi yúrò 720 pamọ́ lọ́dún ju ẹni tó ń ra epo lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó yára nìkan ló gbójú lé ń fi yúrò 306 kún iye tí elépo ń ná. Ẹni tó bá sọ fún yín pé iná kò wọ́n, ẹ bi í pé iná ibo.

BÍ Ó BÁ FẸ́ SÙN NÍLÉ

Ẹni tó ní àgbàlá tirẹ̀, bí àwọn kan nínú wa ṣe ní in ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí Padova ká, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé inú condominio, a sì ń háyà ni. Ẹ fetí sí èyí dáadáa.

Òfin Ítálì ti ọdún 2012 fún ẹni tó ni ilé nínú condominio láyè láti fi ẹ̀rọ ìṣáàjì sí ibi tí mọ́tò rẹ̀ ń sùn. Yóò kọ ìwé béèrè. Bí ìpàdé àwọn onílé bá kọ̀, tàbí tí wọn kò dáhùn láàárín oṣù mẹ́ta, ó lè fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó ni ilé ni òfin ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń háyà, onílé yín ló yẹ kó béèrè, ẹ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ rẹ̀ lórí ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Bí wọ́n bá yọ yín kúrò nílé lẹ́yìn ọdún méjì, owó tí ẹ ná sára ògiri lè ṣègbé. Torí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé náà sọ ẹni tí yóò ni ẹ̀rọ náà àti ẹni tí yóò yọ ọ́.

Ẹ tún wo mítà yín. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ítálì ló wà lórí 3 kW. Mọ́tò tó ń ṣáàjì láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń gba nǹkan bíi 2 kW. Bí Mama bá tan óòfù, ìyẹn 2 mìíràn. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń mú omi gbóná, 2 tún ni. Ó di 6. Mítà yóò já, òkùnkùn yóò sì kún inú ilé. Òru ló yẹ kí mọ́tò máa mu iná, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Bí àdéhùn iná yín bá jẹ́ èyí tó ń pín wákàtí sí F1, F2 àti F3, aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀ àti gbogbo ọjọ́ Sunday wà nínú F3. Ẹ wo bolletta bóyá iye rẹ̀ kéré níbẹ̀. Ẹ lè ní kí wọ́n gbé agbára mítà yín sókè, ṣùgbọ́n owó wà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Èyí tó kàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ má ṣe na wáyà láti ojú fèrèsé sí títì. Ẹ má ṣe fi ciabatta, ìyẹn sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú púpọ̀ tí a ń fi tẹlifíṣọ̀n sí, ṣáàjì mọ́tò. Fóònù kì í mu iná tó pọ̀. Mọ́tò ń mu ún fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi. Wáyà àtijọ́ yóò gbóná, iná sì lè sọ nígbà tí àwọn ọmọ ń sùn. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí, kó yẹ wáyà àti messa a terra wò, kó sì fún yín ní dichiarazione di conformità nígbà tó bá parí iṣẹ́. Ìwé náà ni ẹ ó fi dáhùn bí onílé tàbí íńṣọ́ránsì bá béèrè. Bí ẹ bá rí èéfín, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde, kí ẹ pe 112.

BÍ Ó BÁ Ń SÙN NÍ ẸGBẸ́ TÍTÌ

Ẹ fojú inú wo bàbá kan tó ń gbé àjà kẹrin ní Barriera di Milano ní Torino. Ojú títì ni mọ́tò rẹ̀ ń sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń dé láti ibi iṣẹ́. Ohun tó gbójú lé ni colonnina, ẹ̀rọ ìṣáàjì tí àwọn ilé iṣẹ́ iná gbé sí ìgboro. Bí ó bá bá èèyàn méjì níbẹ̀, yóò dúró. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, yóò wá òmíràn. Oorun tó yẹ kó sùn ni yóò fi ṣe é. Owó nìkan kọ́ là ń ná, a ń ná àkókò pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fẹ́ lo colonnina, ẹ mọ nǹkan márùn-ún yìí:

1. Oríṣi ẹnu wáyà méjì ló wọ́pọ̀. Tipo 2 ni ti ẹ̀rọ tí kò yára, CCS2 ni ti èyí tó yára. Ẹ mọ èyí tí mọ́tò yín ń gbà.

2. Bí wọ́n bá kọ 22 kW sára ẹ̀rọ, kò túmọ̀ sí pé mọ́tò yín yóò gba 22. Bátìrì ńlá ti Fiat 500 ń gba 11 níbẹ̀, Dacia Spring ń gba nǹkan bíi 7 péré. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló kéré, kì í ṣe ẹ̀rọ omi.

3. Iye tí ẹ ó san wà lọ́wọ́ áàpù tí ẹ fi ṣí i. Áàpù ilé iṣẹ́ kan lè gba owó púpọ̀ lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ wo iye kWh kan kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Òfin Yúróòpù sọ pé ẹ̀rọ tuntun tó lágbára tó 50 kW tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti 13 oṣù Kẹrin 2024, gbọ́dọ̀ gba káàdì báńkì láìsí áàpù.

4. Bí mọ́tò bá ti kún, ẹ gbé e kúrò. Codice della Strada fún yín ní wákàtí kan péré lẹ́yìn tó bá kún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín. Òfin wákàtí kan yìí kì í ṣiṣẹ́ láàárín aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, àfi níbi ẹ̀rọ tó yára. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ń gba owó tiwọn fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dúró láìṣáàjì.

5. Ẹ máa ní ibi kejì lọ́kàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí bátìrì kù sí 5 nínú 100 kí ẹ tó máa wá ẹ̀rọ.

Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní ibi ìṣáàjì fún òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mọ́tò lè sùn níbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́.

ÒTÚTÙ ÀTI Ọ̀NÀ JÍJÌN

Àwa tí a dàgbà sínú oòrùn, òtútù oṣù Kìíní ní Torino kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé wa. Mọ́tò oníná náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì elépo máa ń gbóná, ooru tó ń ṣòfò lára rẹ̀ ló ń mú inú mọ́tò lọ́wọ́ọ́wọ́. Mọ́tò oníná kò ní ooru bẹ́ẹ̀ tó pọ̀. Inú bátìrì ló ti ń mú iná tí yóò fi yá wa lára. Bátìrì fúnra rẹ̀ kì í sì ṣe dáadáa nínú òtútù. Ẹ máa retí pé yóò dín ní 20 sí 30 nínú 100. Bí ó bá ń rin 200 nígbà ooru, ó lè jẹ́ 150 nígbà òtútù.

Ẹ lè dín in kù báyìí: kí wáyà tó kúrò lára mọ́tò láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó yá ara rẹ̀ pẹ̀lú iná ilé. Bí àga àti sitiyàrìn bá ní ẹ̀rọ ìgbóná tiwọn, ìyẹn ni kí ẹ lò ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Ẹ sì máa wo afẹ́fẹ́ táyà.

Ní ti ọ̀nà jíjìn: ká ní ìkómọ wà ní Padova, ẹ sì ń bọ̀ láti Torino. Ojú ọ̀nà A4 ni, bíi kìlómítà 370. Fiat 500 tí ìwé rẹ̀ ní ó ń rin 320 láàárín ìlú àti ìgbèríko, bí ẹ bá ń sá 130 lórí autostrada, iye yẹn yóò jábọ́ sí abẹ́ 200. Ẹ ó dúró lẹ́ẹ̀mejì nígbà òtútù, bíi ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ kò bá bá èrò níbi ẹ̀rọ. Bí ẹ bá rọra sá 110, yóò pẹ́ kó tó tán. Ẹ má ṣe dúró kó kún dé 100 lọ́nà: láti 80 sókè, ó máa ń rọ́ra gan-an, bí ìgbà tí a bá ń rọ omi sínú ìgò ọlọ́rùn tóóró. Ẹ ṣáàjì dé 80, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá kú sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á. Carro attrezzi tó lè gbé gbogbo táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni kí ẹ pè.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA ÀLÒKÙ

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àlòkù ni ọ̀pọ̀ wa yóò rà, ibẹ̀ sì ni ọ̀fìn wà.

– Bátìrì: lára Renault Zoe ti àtijọ́, àwọn kan wà tí wọ́n ta mọ́tò ṣùgbọ́n tí wọ́n fi bátìrì rẹ̀ háyà. Ẹni tó rà á yóò máa san owó bátìrì lóṣooṣù. Ẹ béèrè, kí ẹ sì gba ìwé tó sọ pé bátìrì jẹ́ ti ẹni tó ń tà á.
– Ìlera bátìrì: ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò sábà máa ń ṣe onídùúró bátìrì fún ọdún 8 tàbí kìlómítà 160,000, pé kò ní lọ sílẹ̀ ju 70 nínú 100. Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.
– Ẹnu wáyà: Nissan Leaf ti àtijọ́ ń lo CHAdeMO fún ìṣáàjì tó yára, èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́ níbi àwọn ẹ̀rọ tuntun.
– Gbèsè: ẹ gba visura PRA, kí ẹ lè mọ̀ bóyá fermo amministrativo wà lórí mọ́tò náà.
– Títà rẹ̀ sílé: ẹ má fi ọkàn sí i pé ẹ ó fi ránṣẹ́ sí Cotonou tàbí Èkó bí a ṣe ń fi elépo ránṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ òkun ka bátìrì lithium mọ́ ẹrù eléwu, ìlànà tirẹ̀ sì le.

PATENTE, BOLLO ÀTI OWÓ ÌJỌBA

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò ṣe é pààrọ̀ sí ti Ítálì. Kò sí àdéhùn láàárín ìjọba méjèèjì. Ọdún kan péré lẹ lè fi wa mọ́tò láti ọjọ́ tí ẹ ti gba residenza, pẹ̀lú ìtumọ̀ tó bófin mu tàbí láísẹ́ǹsì àgbáyé. Lẹ́yìn náà, ìdánwò ni. Ẹni tó bá gba patente B láti 14 oṣù Kejìlá 2024 kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tí agbára rẹ̀ ju 105 kW lọ, tàbí tó ju 75 kW lọ fún tọ́ọ̀nù kan, fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Òfin yìí kan mọ́tò oníná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìwé mọ́tò kí ẹ tó fún ọmọ yín ní kọ́kọ́rọ́.

Ní ti bollo, mọ́tò oníná kì í san án fún ọdún 5 àkọ́kọ́. Ní Piemonte àti Lombardia kì í san án rárá. Ní Veneto, lẹ́yìn ọdún 5, ìdá mẹ́rin owó náà ni yóò máa san. Kò tún ní òróró ẹ́ńjìnnì láti pààrọ̀, bíréèkì rẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Àwọn ìlú àfonífojì odò Po máa ń dí ọ̀nà mọ́ dísù àtijọ́ nígbà òtútù nítorí èéfín. Ní 2025, ìjọba sún ìdènà ti dísù Euro 5 láti 1 oṣù Kẹwàá 2025 sí 1 oṣù Kẹwàá 2026, fún ìlú tí èèyàn ibẹ̀ ju 100,000 lọ. Mọ́tò oníná kò ní irú wàhálà yìí. Ṣùgbọ́n ti ZTL àti strisce blu, kálukú comune ló ní òfin tirẹ̀: ẹ béèrè ní comune kí kámẹ́rà tó ya yín.

Owó ìjọba ńkọ́? Ní 22 oṣù Kẹwàá 2025, wọ́n ṣí ètò kan tó ń fún ẹni tí ISEE rẹ̀ kò ju yúrò 30,000 lọ ní yúrò 11,000, ẹni tó wà láàárín 30,000 sí 40,000 ní yúrò 9,000, bí ó bá kó mọ́tò epo àtijọ́ lọ fún ìparun, tó sì ń gbé ní àwọn ìlú ńlá àti agbègbè wọn. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, owó náà ti tán. Àwọn tó ti ní ISEE àti SPID lọ́wọ́ ló rí i gbà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá a kò bá a. Ẹ máa ṣe ISEE yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yálà ẹ fẹ́ ra mọ́tò tàbí ẹ kò fẹ́.

Ó DỌWỌ́ YÍN

Ó lè yẹ yín bí ẹ bá ní ibi ìṣáàjì nílé tàbí níbi iṣẹ́, bí ìrìn ojoojúmọ́ yín kò bá ju kìlómítà 100 lọ, tí ẹ kì í sì í sábà rin ọ̀nà jíjìn. Kò tíì yẹ yín bí ẹ̀gbẹ́ títì ni yóò máa sùn, tí òun nìkan sì ni mọ́tò tó wà nílé. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹ dúró díẹ̀. Owó bátìrì ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ìṣáàjì sì ń pọ̀ sí i.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé gbèsè mọ́tò kankan, ẹ mú bolletta iná, ìwé ilé tí ẹ ń háyà àti ìwé mọ́tò tí wọ́n fẹ́ tà fún yín wá sọ́dọ̀ wa. A ó jọ kà á, a ó jọ ṣírò rẹ̀, a kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìrìn wa o.